Ta Ni Màámi Ń Juwọ́ Sí?

Kí ló dé tí Màámi fi juwọ́ sí obìnrin yẹn? Èmi Virtudes, ọmọ bíbí inú wọn, ni mo pariwo pè wọ́n. Mo gbé Fermín ọmọ mi sókè lẹ́bàá irin ààlà, kí wọ́n lè rí i láti òdìkejì, bí mo ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n sì kọjú sí obìnrin kan tó gbé ọmọ mọ́ àyà lápá òsì mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́ — sí ẹlòmíì!

Àbí wọ́n ń bínú? Nítorí ìbò àtijọ́ yẹn, tí wọ́n fi bi wá bóyá Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀ tàbí Sípéènì? Gẹ̀ẹ́sì ni mo dìbò fún, bíi gbogbo ará Àpáta, ìlú ọkọ mi níbí, mi ò sì fi pa mọ́. Bùrọ̀dá mi Cristóbal bú mi nílé Màámi ní La Línea, lódìkejì irin, nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí: "Ìwọ ọ̀dàlẹ̀ yìí! Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló wẹ̀ ẹ́ ní kékeré ni?" Àmọ́ ẹ̀rín ló fi parí ẹ̀. Màámi kàn ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

Rárá, kì í ṣe ìbínú.

Fermín, lanu. Jẹ àkàrà kalentíta ẹ.

Ta ló tiẹ̀ ni ilẹ̀ yìí gan-an? Ilẹ̀ bíńtín tó yọ sínú òkun bí ahọ́n ajá… Gẹ̀ẹ́sì fogun gbà á, ọba Sípéènì fọwọ́ sí i pé ó ti di tiwọn. Ọkọ mi Ernesto á ní ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Cristóbal á ní àpáta ni wọ́n fún yín, ta ló fún yín ní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn? Ó ṣe tán, ibẹ̀ náà ni irin wà. Àwọn Mọ́ọ̀, àwọn Mùsùlùmí tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Ọ̀gágun tó ń ṣàkóso Sípéènì láti Madrid wá ti ilẹ̀kùn ààlà pa, ilé Màámi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ di ibi tí èèyàn ń gba Tangier lọ, nílẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún, kó tó tún wọkọ̀ ojú omi padà sí Sípéènì.

Àmọ́ Màámi… Lónìí atẹ́gùn ìlà-oòrùn ń fẹ́ kíkan. Apá òsì ló ń gbé ohùn mi lọ. Apá òsì ni wọ́n sì…

Dúró ná.

"Ṣé ó ti hu eyín?" Ìyẹn ni wọ́n máa ń bi mí. "Irun ẹ̀ ńkọ́? Ta ló jọ?" Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín: "Màámi, ṣebí ẹ̀ ń wò ó!" Wọ́n á ní, "Mò ń wò ó, ọmọ mi, mò ń wò ó." Cristóbal ló sì máa ń di apá wọn mú. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Wọn ò ríran. Olúwa mi, Màámi ò ríran mọ́! Ohùn mi ni wọ́n ń juwọ́ sí.

Gbogbo ìgbà tí mò ń gbé ọmọ yìí sókè, tí apá ń ro mí — ta ni mò ń fi hàn?

Kí àwọn tó ń jà lórí Àpáta máa jà á lọ. Ernesto á kùn, òkun á mú mi bì. Tangier náà ni mo máa gbà. Màámi á fi ọwọ́ ara wọn wá ibi tí imú Fermín wà.