Mo Ya Ikú Bàbá Sára Aṣọ

Ẹni tó bá tún sọ létí mi pé ọmọdé ò mọ nǹkan, èmi àti olúwarẹ̀ á na án tán bí owó ni. Nígbà tí ọkọ mi, Sàlàhúdíìnì, kú, a sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. A wá sọ fún Lubabah, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, pé Bàbá àgbà rìnrìn àjò. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ fún èmi nígbà tí bàbá tèmi kú.

Tírélà sìmẹ́ńtì ni ọkọ mi ń wà ní Ewékorò, àjò rẹ̀ sì máa ń pẹ́, ni ọmọ bá gbà wá gbọ́. Tírélà kankan ò lè kọjá kí Lubabah má sáré jáde: "Bàbá ti dé!" Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ sójú títì gan-an. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbá a. Yéè! Mo ké, mo sáré fà á kúrò lójú títì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tíì pé oṣù méjì.

Tíṣà rẹ̀, Lydia, gbọ́, ó mú ìwé aláwòrán kan wá.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Wọ́n ṣe é kí ọmọdé lè mọ ohun tí ikú jẹ́."

Mo ṣí i. Ajá ló kú nínú rẹ̀! Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún un, wọ́n to òdòdó lé e lórí, gbogbo ilé ń sunkún.

"Tíṣà, ajá kẹ̀? Ta lẹ rí tó ń sin ajá ní Abẹ́òkúta?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Lubabah wò ó tán, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ajá náà ti lọ bá Bàbá ní Ewékorò?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Èmi tí mo ti ń ṣe àdìrẹ láti kékeré, ṣé n ò lè ya tiwa ni? Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún tí a fi ń ya àdìrẹ, mo ní kó jókòó tì mí. Mo ya Bàbá nínú tírélà, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sápá kan. Mo yà á lórí ibùsùn. Mo wá yà á nínú aṣọ funfun tí a fi dì í.

"Ó ń sùn?"

"Rárá, ìyá mi. Ó kú. Kò mí mọ́, ebi ò pa á, nǹkan kan ò dùn ún. Abẹ́ ilẹ̀ la tẹ́ ẹ sí. Kò ní padà wálé."

Mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

Nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ, mo rẹ aṣọ náà sínú aró, mo sá a. Ìgbà tí mo ha ẹ̀kọ náà dànù, Bàbá yọ funfun níbi tí aró ò lè dé. Lubabah ń fi ìka tọ fìlà rẹ̀. Ó sunkún, mo gbé e mọ́ra, àwa méjèèjì jọ sun ún ni.

Nígbà tó yá, ó dìde lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Sálúbàtà ọkọ mi wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń nu eruku ara rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e. Ọmọ yìí gbé e wọlé, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà, ẹ má dúró dè é mọ́."