Ẹ̀jẹ̀ Ewúrẹ́ fún Irinwó Ènìyàn

Kí n tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, irinwó ènìyàn ó lé méjìlá ló ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lára ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Nígbà tí mo fi máa gbé ìka mi kúrò, gbogbo wọn ti di ewúrẹ́.

Mi ò purọ́. Èmi Mùs'áb máa ń purọ́ lóòótọ́, mo ti sọ fún àwọn ènìyàn rí pé ẹja kan gbé mi láti Marina dé Àpápá, tó sì gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ti òní yìí, ojú mi ló ṣe.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni, aago kan ti kọjá díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Túnjí télọ̀ ni mo jókòó sí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Túnjí, òun ló fún mi ní igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kóòdù kéékèèké fún àwọn ará àdúgbò. JSS 3 ni mo bá ìwé dé o, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, mo ti fi Python to orúkọ àwọn ọmọ ilé-kéú tẹ̀lé ara wọn, mo sì ti fi JavaScript wo fọ́ọ̀mù kan sàn tó ti ń ṣe wèrè láti ọdún tó kọjá.

Ganiat àbúrò mi ló kọ́ mi. Yunifásítì ni òun lọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti kọ́ mi, tó ń fi ìdí pẹ́ńsù gbá mi lórí bí mo bá gbàgbé àmì kan. Òun náà ló kó àwọn ará àdúgbò jọ sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí, tí àwọn nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tó wá kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti irú ẹ̀jẹ̀ kálukú sínú MySQL, àpótí àkójọ inú kọ̀ǹpútà. Bí aláìsàn kan bá nílò ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo àkójọ náà, wọ́n á pe ẹni tí tirẹ̀ bá a mu. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje, ó fa iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

"Bọ̀dá Mùs'áb, ẹ má fi ṣeré o."

"Èmi? Eré?"

Eré náà ni mo fi ń ṣe. Túnjí sọ láàárọ̀ pé irùngbọ̀n mi jọ ti òbúkọ. Mo ní màá gbẹ̀san. Màá pa irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rẹ́ nínú àkójọ, màá kọ "Ẹ̀jẹ̀ Ewúrẹ́" rọ́pò rẹ̀, màá fi hàn án, a ó rẹ́rìn-ín, màá sì dá a padà. Mo kọ àṣẹ UPDATE, èyí tó ń yí nǹkan padà. Ó yẹ kí n fi WHERE sí ìdí rẹ̀, torí WHERE ló máa sọ pé Túnjí nìkan ni mo ń wí. Ẹ̀rín ti ń pa mí. Mo gbàgbé. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà ní òun ti yí 412 padà.

Ẹ̀rín fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lẹ́nu mi. Òógùn tó bọ́ lára mi, ọkọ̀ ojú omi lè gbà á lọ sí Ìkòròdú. Mo ní kò burú, ẹ̀dà wà. Mo ti kọ kóòdù PHP kan tó ń ṣe ẹ̀dà àkójọ náà pamọ́ lójoojúmọ́, mo sì ti fi ẹ̀dà yẹn yangàn títí ó fi sú Ganiat. Mo ṣí i. Òfìfo! Láti oṣù tó kọjá tí mo ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé àkójọ náà padà, tí mi ò sì sọ fún kóòdù yẹn, òfìfo ló ń kó pamọ́, tó ń fi òfìfo òní bo òfìfo àná mọ́lẹ̀.

Fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì Ihsan ni, láti ilé ìwòsàn aláboyún.

"Bọ̀dá Mùs'áb, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ganiat ti bímọ, ọmọ wà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò dúró. O negative ni tirẹ̀, ó wọ́n, àpò kan péré ló kù nílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni mo fẹ́ láàárín wákàtí kan. Mo ti ṣí àkójọ yín níbí. Kí ló dé tó ń kọ ewúrẹ́?"

"Mò... mò ń tún un ṣe."

"Ẹ yára!"

Kí n máa pe irinwó ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Ọ̀pọ̀ wọn ò rántí irú ẹ̀jẹ̀ wọn, àkójọ ló ń bá wọn rántí. Èyí tó sì pọ̀ jù ti pa fóònù, wọ́n ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Mò ń gbọ́ wáàsí Lẹ́mọ́ọ̀mù nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti òdìkejì títì. Bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á túká bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná lé, títí dé Apọ́ngbọ̀n. Ta ni màá tún rí mú?

Mo jẹ́wọ́ fún Túnjí.

"O sọ mí di ewúrẹ́?"

"Gbogbo àdúgbò ni."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Mo ti wí fún ọ pé ẹ̀fẹ̀ rẹ máa pa ẹnìkan. Bí ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó o tún fi ẹ̀fọn bú mi lórí fóònù."

"Ẹ̀fọn wo?"

"'Ẹ̀jẹ̀ yín wọ́n ju wúrà lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ún lọ́fẹ̀ẹ́.' Ìsọkúsọ!"

Mo fò sókè, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù ṣọ́ọ̀bù lọ. Ganiat ló ní kí n ránṣẹ́ kí gbogbo wọn. Ṣé mo wá lè kí ènìyàn lásán? Irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ṣe ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ fún. Àwọn O negative nìkan ni mo fi ẹ̀fọn ṣe yẹ̀yẹ́!

"Túnjí, ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ti Ganiat mu. Sáré lọ!"

"Ṣé... wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún mi ni?"

Ẹ wo télọ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun! Ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì sáré jáde tòun ti téèpù lọ́rùn.

Ó ku méjì.

Fóònù àtijọ́ kan ni mo fi ránṣẹ́ náà, inú SQLite, àkójọ kékeré tirẹ̀, ló sì ń kó gbogbo ohun tó bá rán sí. Mo kọ Python pé kó lọ ka ibẹ̀, kó ṣa nọ́ńbà gbogbo ẹni tó gba ẹ̀fọn, kó wá orúkọ wọn wá láti inú MySQL. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ẹnì kankan.

Wáàsí ti parí. Wọ́n ti ń tò fún ìrun. Rákà méjì péré ni ìrun Jímọ̀.

Mo tún un tẹ̀. Òfo. Mo fẹ́ fọ́ kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀, ni mo bá rántí ìdí pẹ́ńsù Ganiat lórí mi: "Bí ẹ bá rí òfo, ẹ má bú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ohun tí ẹ fún un jẹ." Mo wò ó. Nínú MySQL, 080 ni nọ́ńbà fi bẹ̀rẹ̀. Nínú fóònù, +23480 ni. Ẹnì kan náà nínú ẹ̀wù méjì, kọ̀ǹpútà ò sì dá a mọ̀. Mo ní kó mú nọ́ńbà mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú méjèèjì. Mo gbàgbé àmì kan, ó kọ̀. Mo gbọ́ "Allāhu Akbar" rákà kejì. Mo fi àmì náà sí i, mo tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ mẹ́sàn-án. Túnjí ni àkọ́kọ́. Ganiat fúnra rẹ̀ ni ìkejì.

Mo kọ méje tó kù sára pépà tí Túnjí fi ń gé apá ẹ̀wù, mo sì sáré. Bí mo ṣe wọ àgbàlá mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń sálámà. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ubaydullah, Ládàánì wa, ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà.

"Bàbá, ẹ bá mi ka orúkọ wọ̀nyí."

"Kúrò lọ́dọ̀ mi! Ṣé o ti gbàgbé ọkọ̀ òfuurufú ni?"

Mi ò gbàgbé. Mo ti fún bàbá yìí ní pépà kan rí, ó sì kà á sétí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó pé kí ẹni tó gbé ọkọ̀ òfuurufú dí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wá gbé e kúrò.

"Ganiat ni, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀."

Ó wo ojú mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, bàtà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwọn èrò ti ń dìde, wọ́n ti ń wá bàtà. Ó fi ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́.

"Mi ò ní yá ọ lẹ́nu mi mọ́. Fi tìrẹ sọ ọ́."

"Ẹ̀yin ará, Mùs'áb ni o." Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi àkójọ ẹ̀jẹ̀ ṣeré, mo bà á jẹ́. Ganiat wà nílé ìwòsàn aláboyún, ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀. Ẹni tí mo bá pè, kó bá mi sáré lọ síbẹ̀. Jíbrílù Àrẹ̀mú!"

Ẹnìkan ní Jíbrílù ti kó lọ sí Ìbàdàn.

"Bọ́lájí Adéwálé!"

Kò sí. Mo pe ẹnì kẹta, mo pe ẹnì kẹrin. Wọn ò sí.

"Memunat onírẹ́sà!"

Ọwọ́ kan nà sókè láàárín àwọn obìnrin. Orúkọ kẹfà, kò sí. Ọ̀kan ló kù.

"Haleem!"

"Èmi rèé!" Ẹnu géètì ló ti dáhùn, ẹsẹ̀ kan ti wà ní títì. Ó ju bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ré kọjá lára mi. Àwọn méjèèjì sáré, ìdajì mọ́ṣáláṣí sì tẹ̀ lé wọn bí ìgbà tí ilé ń jó.

Aago mẹ́rin kù díẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Ihsan jáde sí wa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti dúró. Túnjí wà lórí bẹ́ǹṣì, òwú lápá. Mo jókòó tì í, mo sunkún débi pé... ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ganiat ní kí n gbé kọ̀ǹpútà wá. Mo ti fi àwọn ẹ̀fẹ̀ tó kù dá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn padà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ wà léjìká rẹ̀.

"Ewúrẹ́ kan ṣì wà níbí. Ta nìyí?"

"Èmi ni. Mi ò fi ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ sí ara mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irú tìẹ, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé èyí tó jẹ́. Kí nọ́ọ̀sì tún un yẹ̀ wò?"

Ganiat gbé ọmọ sí èjìká kejì.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ̀dá mi."

Ó wà bẹ́ẹ̀ di òní. Láràárọ̀ ni Túnjí ń kó èèpo iṣu sórí kọ̀ǹpútà mi. Mi ò bínú. Màá kó o kúrò, màá jókòó, màá sì kọ́kọ́ kọ WHERE.