Bí Ìdí Mi Ṣe Gba Ẹsẹ̀ Mi Lọ́wọ́ Ọ̀bẹ

Ijó ni mo ń jó nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tó ń dùn mọ́ mi; ọṣẹ wà lára, orin wà lẹ́nu, ara sì gbàgbé ọjọ́ orí. Mo ju ìdí sọ́tùn-ún, mo jù ú sósì, ilẹ̀ bá yọ̀, mo balẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ ké. Èmi ṣìkejì.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí ọmọ ọmọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é, torí ó tín-ín-rín, ó sì mọ bí a ti ń gúnni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ rédíò fi àwòrán egungun ránṣẹ́ sí dókítà egungun tó wà ní ìlú ńlá, nítorí a ò ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Dókítà yẹn ló máa wo tèmi, òun ló máa sọ bóyá pilásítà ni tàbí ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mo bímọ láìké, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀bẹ dókítà, ìtọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn.

Wọ́n ti ya àwòrán ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́; mo jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú yàrá ẹ̀rọ nígbà tí fóònù dún. Dókítà ni. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá àgbà, wọ́n ní egungun yín là já látòkè délẹ̀. Wọ́n ní ká gbé yín wá lọ́la, àwọn máa fi irin sí i."

"Irin kẹ̀? Ṣé kẹ̀kẹ́ ni mí ni?"

Abẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fọ́tò egungun mi gan-an síwájú iná, ó wò ó fínnífínní. "Ó sán díẹ̀ ni, kò là já. Ilà tí wọ́n rí yẹn ò sí níbí rárá." Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ṣùgbọ́n ìyẹn ní ojú lòun fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, kì í ṣe etí.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ rédíò. "Ọ̀gá, ṣé ẹ yọ àwọn ẹ̀ṣọ́ kúrò ni?"

Kíákíá ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn. Ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń gbé oúnjẹ mì kó tó jẹ ẹ́. "Mo yọ wọ́n," ló wí. "Wọ́n ń jẹ́ kí àwòrán pẹ́ lọ́nà, àwọn aláìsàn sì ń dúró."

"Ẹ̀ṣọ́ wo?" ni mo bi wọ́n. "Ta ló fẹ́ jí egungun mi?"

"Ariwo ni, Ìyá àgbà. Ẹ̀rọ máa ń sọ àwòrán di bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹpẹtẹ kó tó fi ránṣẹ́. Tí ẹ̀rọ omi yẹn bá ké, ó lè yí bẹ́ẹ̀ ni padà di bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn ẹ̀ṣọ́, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ díẹ̀ tí a fi kún un, ló ń jẹ́ kí ẹni tó gbà á mọ èyí tó yí, kó sì tún un ṣe."

"Mi ò ní fi àfikún dí ọ̀nà nítorí ohun tí mi ò fojú rí," ni Kíákíá wí.

"Ẹ wá fojú rí i nígbà náà, ọ̀gá."

Abẹ́rẹ́ kó ife wá láti wọ́ọ̀dù, ó tò wọ́n sórí tábìlì ní ìlà-ìlà. Òmíràn dojú sókè, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn; òmíràn dojú délẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, níbùú àti lóròó, ó fi ife kan sí i: ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. "Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni kí àwọn tó dojú sókè lórí ìlà rẹ̀ máa jẹ́ méjì-méjì, kí ọ̀kan má ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì."

"Bí èmi láti ìgbà tí bàbá àgbà yín ti lọ."

"Ìyá àgbà, ẹ dákẹ́ jàre. Ọ̀gá, mo ti kọ̀yìn. Ẹ yí èyí tó bá wù yín."

Kíákíá yí ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ yíjú padà, ó fojú tọ àwọn ìlà ibùú, ó rí èyí tí ọ̀kan ti ṣẹ́ kù. Ó tọ ti òró, ó rí ti ibẹ̀ náà. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló nawọ́ sí. Kíákíá tún dán an wò, Abẹ́rẹ́ tún mú un. Mo pàtẹ́wọ́ bí ẹni rí idán.

Mo ní èmi náà fẹ́ yí tèmi. Mo fi ọ̀pá dìde, mo fẹ́ gba àárín àga àti tábìlì kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run ò ṣahun nígbà tó ń pín ìdí. Ìdí mi gbá odidi ìlà kan lọ, àwọn ife ń yí gbiri-gbiri.

"Ó yá, tún ìyẹn ṣe," ni Kíákíá wí, ẹ̀rín ń pa á.

"Mi ò lè tún un ṣe. Ẹyọ kan ni mo lè mú. Ìyá àgbà ti run odidi ìdílé kan."

Àṣé ìdí mi ló máa ba ẹjọ́ ẹsẹ̀ mi jẹ́! Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ń wo àwọn ife tó ṣubú, ó bá fò sókè. "Ọ̀gá, ohun tí ẹ̀rọ omi ṣe gan-an nìyí! Kì í gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó tẹ̀lé ara wọn ló ń gbá. Ìyẹn ló jẹ́ kí ilà dókítà gùn gbọọrọ."

"Ẹ̀ṣọ́ rẹ ò wúlò nìyẹn."

"Ó wúlò, tí a bá pín wọn. Ìdílé ni ìlà kọ̀ọ̀kan; a ò ní kó ìdílé kan sínú ọkọ̀ kan. Ẹnì kan látinú ilé kọ̀ọ̀kan ni ká kó pọ̀. Bí jàǹbá bá gbá ọkọ̀ kan, ẹyọ ẹnì kan ni ilé kọ̀ọ̀kan máa pàdánù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé á sì mọ ẹni náà. Tí wọ́n bá débẹ̀, kálukú á padà sílé rẹ̀."

Kíákíá wo àwọn ife, ó wo ẹ̀yìn mi. "Màmá, ìdí yín àti ẹ̀rọ omi, ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Ọkọ mi, má wo ìdí àgbà mọ́. Dá ẹ̀ṣọ́ padà."

"Ó máa pẹ́ o."

"Ẹsẹ̀ mi ò kánjú lọ síbì kankan."

Ó dá wọn padà. Abẹ́rẹ́ pín àwọn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ bó ṣe wí, ó fi àwòrán ránṣẹ́. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀rọ omi tún fi bẹ̀rẹ̀ igbe. Mo di bẹ́ńṣì mú, mo ń bẹ gbogbo bẹ́ẹ̀ ni tó wà lọ́nà pé kí wọ́n má yí ohùn padà.

Fóònù dún. "Ṣé ẹsẹ̀ kan náà nìyí?" ni dókítà bi wọ́n.

"Òun náà ni, sà."

"Ilà yẹn ti lọ. Ó kàn sán díẹ̀ ni. Ẹ má gbé Màmá wá mọ́. Ẹ fi pilásítà dè é."

Mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹkún ló jáde. Kíákíá sáré na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí mi, èyí tó funfun báláú. Mo fun imú sínú rẹ̀ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ títí ó fi kún, mo sì nà án padà sí i.

"Rárá, Màmá," ló wí, ó fà sẹ́yìn. "Ẹ máa mú un lọ. Mo ti fi ta yín lọ́rẹ."