Ẹ̀rí Lórí Jíìpù Tó Ṣì Wà Lórí Jáàkì

Ó kúkú padà. Mo fa ọwọ́ irin yẹn, lọ́ọ̀kì tó ń so táyà ẹ̀yìn jíìpù pọ̀ wọlé. Mo dá a padà, lọ́ọ̀kì jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dán an wò... Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, Kọ́lá, má purọ́ fún ara rẹ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kan kò jáde. Ó há síbẹ̀, àfìgbà tí mo wọ abẹ́ ọkọ̀ fi òòlù gbá a — gbàù! — kó tó jáde.

Òòlù. Ta ló máa bá Gbéminíyì fi òòlù gbá a lójú ọ̀nà?

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Oregbeni. Sípánà wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì rántí nọ́ọ̀tì tí mo fẹ́ tú. Aago méjì ọ̀sán ti lù. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá ibi tí Gbéminíyì lọ. Nọ́ọ̀sì ni Gbéminíyì, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa jíìpù rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé inú igbó. Nọ́ọ̀sì méjì míì bá a lọ lónìí. Bí òjò bá wá rọ̀...

Kí ló kàn mí nínú òjò? Ṣebí torí òjò náà ni wọ́n ṣe ń fi lọ́ọ̀kì sí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, táyà ẹ̀yìn kan á máa yí lásán, èkejì á dúró gbagidi. O bá fa lọ́ọ̀kì, á so méjèèjì pọ̀, wọ́n á jọ yí, ọkọ̀ á jáde. Inú ẹrẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Orí títì ọlọ́dà ni. Tó bá dé orí ọ̀dà, tí lọ́ọ̀kì kọ̀ tí kò jáde, tó wá fẹ́ yí kọ́nà — ọkọ̀ ò ní fẹ́ yí. Tààrà ni yóò fẹ́ máa lọ. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ikpoba, nínú òjò, pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta nínú ẹ̀.

Háà. Ẹ gbà mí.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì ti lọ́ọ̀kì yẹn ló kọ́kọ́ kú. Omi ẹrẹ̀ ló pa á. A wá tuntun rẹ̀ títí, a ò rí. Èmi ni mo sọ pé mo máa sọ ọ́ di àfọwọ́fà: wáyà láti ìdí ọkọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó dírẹ́bà, ọwọ́ irin lókè, sípíríǹgì nísàlẹ̀ tí yóò máa fà á padà. Wáyà yẹn dáa, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò dáa. Sípíríǹgì ni. Ti ẹsẹ̀ ìdúró ọ̀kadà ni mo fi sí i. "Oga, dis one strong well well," ẹni tó tà á fún mi ló wí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni! Mo mọ̀ pé kò tó. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Mi ò bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Mọ́ńdè ni mo fi sọ́kàn pé mo máa jáde lọ wá èyí tó le. Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè ló ṣáájú Mọ́ńdè.

Gbéminíyì dìde nínú ìjọ wa ní Iyaro, nígbà ìjẹ́rìí, ó gba makirofóònù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ sọ. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Mo wá fi ìgbàgbọ́ jẹ́rìí. Jíìpù tí gbogbo mẹkáníìkì ní kí n lọ tà fún àwọn onírin àlòkù, Ọlọ́run ti lo Bọ̀dá Kọ́lá wa. Ó ti dáa!"

Ó ti dáa. Jíìpù tó ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀! Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní kí n dìde. Mo sì dìde. Mo rẹ́rìn-ín, mo na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wọlé ìbò.

Kí ni mi ò bá sọ? Kí n ní, ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin yìí ti sáré jẹ́rìí? Kí n sọ ọ́ di òpùrọ́ nínú ilé Ọlọ́run? Ẹ̀rí téèyàn ti jẹ́, ta ló ń gbà á padà? Nítorí Gbéminíyì ni, nítorí orúkọ Olúwa ni... Ohun tí mo ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Mọ́ńdè, ó wá gbé ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. "Bọ̀dá Kọ́lá, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ ṣì fẹ́ wò? Ó lè wà níbí di ọ̀la, kò sí wàhálà." Ó béèrè! Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi. Èmi wá ní, "Máa gbé e lọ, àbúrò. Ọlọ́run ti ṣe é."

Ọlọ́run wo ló ṣe é? Ọlọ́run ló lọ fi sípíríǹgì ọ̀kadà sídìí jíìpù? Ṣíọ̀! Mo ti Ọlọ́run síwájú kí n lè rí ẹ̀yìn Rẹ̀ sá sí.

Òjò ti ń kán sórí páànù.

Bóyá kò tiẹ̀ ní fa lọ́ọ̀kì náà lónìí. Bóyá ọ̀nà ibẹ̀ gbẹ... Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ. "Bí ẹrẹ̀ bá ti mú ẹ, fà á, má bẹ̀rù." Má bẹ̀rù! Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá mi kì í yé sọ ọ́, èmi náà sì ti ń tún un sọ láti àárọ̀ bí ẹni ń ka sáàmù. Ikú yá ju ẹ̀sín... Ikú ta ni? Kọ́lá, ikú ta ni? Ẹni tí ẹ̀sín fẹ́ bá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ikú ara rẹ̀. Wọn ò ní kí n sá fún ẹ̀sín kí ọmọ ọlọ́mọ wá kú dípò mi. Kì í ṣe nítorí Gbéminíyì. Kì í ṣe nítorí Olúwa. Àtẹ́wọ́ yẹn ni. Ó dùn mọ́ mi, mi ò sì fẹ́ dá a padà.

Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀. Gíríìsì kún ọwọ́ mi, fóònù ń yọ̀. Mo pè é, ó ń dún lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbéminíyì, bó o bá ti fa lọ́ọ̀kì yẹn, má gun ọ̀dà, dúró síbi tó o wà, mò ń bọ̀... Ìyẹn rọrùn. Gbólóhùn tó kù ni kò fẹ́ jáde. Ó ṣì ń dún. Mo sọ ọ́ wò ní jẹ́jẹ́, sínú òjò: iṣẹ́ mi ò dáa. Ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi nìyí.