Ìgò Lọ́fínńdà Màámi

Mi ò fẹ́ràn Dúródọlá. Àbúrò mi ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn tán ná, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé Làtífátù ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bí lé mi ló kú kí òun tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dúródọlá, tí gbogbo ilé sì ń bẹ̀ ẹ́ láti kékeré. Tó bá sunkún, wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Tí kò bá jẹun, wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Èmi ò rí ẹni bẹ̀ mí. Mo kàn dúró ni.

Búlọ́ọ̀kù ni mò ń mọ ní Ajah, lẹ́bàá títì márosẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la títì náà, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ̀ ẹ́, eruku rẹ̀ ni mo fi ṣe àtíkè. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi wà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ọdún méjì gbáko. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dá egbò. Dúródọlá ń gbé ní Thomas Estate, kò jìnnà sí wa rárá, àmọ́ Free Zone, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ló ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ló ń lọ, alẹ́ ló ń dé, Sátidé nìkan ló máa ń yọjú, pẹ̀lú ápù nínú ọ̀rá. Obìnrin tí kò léyín lẹ́nu mọ́ ló ń ra ápù fún. Òótọ́ ni pé òun ló ń ra oògùn. Mo ti sọ ọ́, ó tán.

Kí àìsàn náà tó dé, Màámi kì í jáde nílé láìfi lọ́fínńdà olóróró kan sára, èyí tí Bàbá Àyúbà tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí máa ń pò fún un. Òdòdó jásímínì wà nínú rẹ̀, efinrin wà níbẹ̀, ewé tíì wà níbẹ̀. Lára Màámi, òdòdó ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ewé á tẹ̀ lé e, tó bá wá pẹ́ díẹ̀, á di nǹkan kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tó bá gbé mi mọ́ra, ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń kì imú bọ̀.

Ọjọ́ kẹta tó kú, mo fọ gbogbo aṣọ rẹ̀. Ìborùn, gèlè, ìrọ̀rí, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn, mo fi wọ́n ṣe sàráà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Inú ló ń bí mi, tí inú bá sì ń bí mi, iṣẹ́ ni mo mọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Bàbá Akínọ̀ṣọ́, àbúrò bàbá wa, jókòó láti pín ìwọ̀nba nǹkan tó kù. Dúródọlá ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ẹ̀. Ìgò lọ́fínńdà Màámi nìkan ni mo fẹ́." Ó tiẹ̀ ti wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹ wo ìwà. Mi ò rántí ìgò yẹn rárá títí ó fi dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí, mo ní èmi náà, òun ni mo fẹ́. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ní ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Dúródọlá yọ ìgò náà jáde, ó gbé e sórí ẹní, ó dìde, ó lọ. Kò dágbére fún mi. Mo gbé ìgò mi, mo rẹ́rìn-ín.

Oṣù méjì kọjá kí n tó ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbìyànjú láti rántí ojú Màámi bó ṣe rí kí àìsàn tó mú un, mi ò rí i. Ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìkan ni mò ń rí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àárò ìyá mi sọ mí débi pé mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ. Ìgbà náà ni mo rántí ìgò. Mo ní tí mo bá gbóòórùn rẹ̀ báyìí, màá rí ojú rẹ̀.

Mo kán an sí ọrùn ọwọ́ mi, mo dúró. Kí ló jáde? Òórùn efinrin tó ti rà nínú ọ̀rá. Mo fọ̀ ọ́ kúrò, mo tún fi sí abẹ́ etí, ó tún burú sí i. Mo pe Ìyábọ̀ tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo fi sí i lọ́wọ́. Lára tirẹ̀, ó dùn bíi súùtì ọmọdé, kò sí ewé kankan níbẹ̀. Ìyábọ̀ ní ṣé mo máa tà á fún òun. Mo ní kó padà sídìí irun tó ń di. Mo pe Bọ̀sún, ọkùnrin tó ń bá mi tẹ búlọ́ọ̀kù, tó ti ń làágùn láti àárọ̀. Mo ní kó na apá. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: òdòdó ló ń ta lára Bọ̀sún, òdòdó tútù, bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó ń ta sánsán lára gbogbo wọn, kálukú lọ́nà tirẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ Màámi níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, tí mo wẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjì, èmi nìkan ló ń rùn lára.

Mo gbé ìgò náà lọ bá Bàbá Àyúbà nídìí àtẹ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ pò sínú èyí?"

Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó kán an sí apá tirẹ̀, ó dúró, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ewé tíì ni mo gbóòórùn lára tirẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Òun náà ni. Ọwọ́ mi ni mo fi pò ó."

"Ó ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Òróró lásán ló wà nínú ìgò, Làtífátù. Ara ẹni tó bá fi ló ń sè é. Ara ìyá rẹ yàtọ̀ sí tìẹ. Ó lè jẹ́ bàbá rẹ lo fi ara jọ."

Mo ní kó yọ bàbá mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní oníjìbìtì ni. Mo ní òróró tí wọ́n fi din àkàrà lánàá ló ń rọ sínú ìgò tó ń tà fún àwọn ọmọlúwàbí. Àwọn tó ń jáde látinú mọ́ṣáláṣí dúró, wọ́n ń wò wá. Bàbá Àyúbà kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Kúrò níwájú àtẹ mi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìgò rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ni mo wá rò ó. Bàbá Àyúbà lè sọ pé òun náà ni, imú rẹ̀ ti darúgbó. Ta ni ìgò yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi? Dúródọlá. Inú báàgì rẹ̀ ló ti yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá mi jà lọ́jọ́ náà. Ó ti da ojúlówó sínú nǹkan míì, ó bu ayédèrú sínú ìgò Màámi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú àgbà, ó lọ sílé rẹ̀, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo dé Thomas Estate. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní kí n dúró ná, òun fẹ́ fi fóònù béèrè bóyá wọ́n ń retí mi. Mo bi í léèrè bóyá mo jọ ẹni tí wọ́n ń retí. Ó pe Dúródọlá, Dúródọlá ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé.

Ó wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́. Ó ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi," kò kúnlẹ̀.

Mo gbé ìgò náà lé orí tábìlì. "Níbo lo da ti Màámi sí?"

"Ti Màámi náà kọ́ nìyí?"

"Má fi mí ṣe òmùgọ̀, Dúródọlá. O ti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí ń rùn lára mi bí ohun tó ti kú."

Ó fi abọ́ sílẹ̀. Ó wo ìgò náà, ó wò mí. Ó ní, "Lára yín ló ti ń rùn?"

"Ṣé etí rẹ di ni?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí ìgò náà, ó kán an sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kán an sí ọrùn. Ó wá fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ gbera. A dúró bẹ́ẹ̀, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Mo ti to èébú jọ sẹ́nu, èyí tí màá fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí màá fi parí. Lẹ́yìn náà, òdòdó jáde. Ewé tẹ̀ lé e. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màámi wọlé.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Mo rí ojú rẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó gún régé, ó ń so ìborùn, ó ń pè mí kí n wá bá òun wá ẹsẹ̀ bàtà kan. Omi ń dà lójú mi. Èébú tí mo tò jọ, mi ò rí ọ̀kan mú nínú wọn. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ Dúródọlá, mo fẹ́ kì imú bọ ọrùn rẹ̀, ọrùn kan náà tó jẹ́ pé fífún ni mo ti ń fẹ́ fún un láti ọjọ́ yìí.

Ó sún sẹ́yìn. Ó ní, "Aago mélòó ni Màámi kú?"

"Kí ló fa ìyẹn?"

"Mo ní aago mélòó."

"Mẹ́fà àárọ̀. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Aago mélòó lẹ pè mí?"

Mo ní mò ń wá áàfáà. Mo ní mò ń wá àwọn tó máa gbẹ́ sàréè, pé ọwọ́ mi dí.

Dúródọlá ní, "Aago méjìlá ku díẹ̀. Ẹ pe Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ní mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ pe Ìyábọ̀ ní méje. Mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Free Zone ni màá wà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń rí. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò lórí ẹ̀. Ìgbà tí mo dé, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè Màámi. Mi ò rí ojú ẹ̀. Mi ò bá wọn wẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ pè mí ní mẹ́fà, mi ò tíì kúrò nílé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ǹ bá fi dé ọ̀dọ̀ yín."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Òótọ́ ni. Mo mú fóònù lọ́wọ́ láàárọ̀ yẹn, mo rí orúkọ rẹ̀, mo ní kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Ọdún méjì ni mo fi ń wẹ Màámi lémi nìkan. Mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ lémi nìkan lẹ́ẹ̀kan yẹn náà, kí ẹnì kankan má wá dé ní ìgbẹ̀yìn wá sunkún jù mí lọ. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò sì sọ ọ́ fún Dúródọlá. Ohun tí mo sọ ni pé, "O lè máa bínú. Ṣáà sún mọ́ mi díẹ̀."

Ó yí padà, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Mo ní, "Má fọ̀ ọ́. Dákun. Mo bẹ̀ ọ́, ṣe sùúrù díẹ̀."

Ó ṣí omi. Ó da ọṣẹ abọ́ sọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ sí òsì, ó fọ ìyẹn náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá fọ ọrùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa méjèèjì pé kí á máa wẹ òkú. Ó ń sunkún, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń fa afẹ́fẹ́ símú kíákíá kó tó tán. Ewé ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó ti omi pa, òórùn ọṣẹ abọ́ nìkan ló kù nínú kíṣìnì.

Ó nu ara rẹ̀ gbẹ, ó dé ìgò náà kó le dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ó ní, "Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Tiyín ni. Ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ rí Màámi, ẹ pè mí ní aago mẹ́fà."

Mo bú u láti kíṣìnì títí dé ẹnu géètì. Mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú èyí tí mo mọ̀. Ọlọ́dẹ ń wò mí, mo bú òun náà mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí aago mẹ́fà ṣe lù, mo pè é. Fóònù náà dún títí ó fi gé. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo ti ń pè é, mẹ́fà géérégé, kí n tó dìde lórí ẹní ìrun. Kò pa fóònù rẹ̀, kò sì gbé e.