Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àfúsá

"Ẹ má tíì buwọ́ lù ú, sà!"

Tolúlàṣẹ kò mọ ìgbà tí ohùn òun jáde. Ọ̀gá Akínrẹ̀mí, tó ni ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ní Kútọ̀, wò ó bí ẹni tí adìyẹ bù jẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́; ọmọbìnrin yìí kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

"Kí ló dé? Méjìdínláàádọ́rin ni ṣúgà ìyá náà. Ó ti lọ sílẹ̀ jù. Kí wọ́n dá oògùn rẹ̀ dúró ní Owódé."

"Ìgò yẹn ni kò dáa, sà. Kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀."

Ìyá Àfúsá ni wọ́n ń sọ, tí àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jiná. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Owódé. Ọlọ́kadà tó ń gbé e bọ̀ ní Kútọ̀ dúró kó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yòókù jọ, ó di aago kan ọ̀sán kó tó dé, nínú oòrùn.

Ẹ̀jẹ̀ tó kúrò lára kì í kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà. Ọwọ́ mẹ́wàá ni ṣúgà náà ń gbà kọjá, ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, bí àdìrẹ ṣe ń ti ọwọ́ ẹni tó ń so ó dé ọwọ́ ẹni tó ń rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ ẹnọ́léèsì ló wà nípò kẹsàn-án: ó ń yọ omi kúrò lára ohun tí wọ́n bá gbé fún un, kó tó tì í síwájú. Òun ni ìyẹ̀fun flọ́ráìdì máa ń dì lọ́wọ́ mú. Bó bá ti káwọ́ gbera, iṣẹ́ a kún ọwọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bó pẹ́ bó yá gbogbo wọn a dúró. Nínú ìgò yìí, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi jẹun!

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Tolúlàṣẹ pe ilé ìwòsàn Owódé. Ìyá náà kò tíì jẹun láti àná. Ó ní àfi kí èsì òun dé. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé e wá.

Ẹ̀jẹ̀ tuntun wọ inú ẹ̀rọ: ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta. Ṣúgà rẹ̀ ṣì ga.

"Ọmọ mi, ṣé kí n da oògùn nù?"

"Rárá o, mà. Ẹ máa lò ó lọ. Ẹ wá jẹun."

Tolúlàṣẹ ń fọwọ́ nígbà tí ọ̀gá pe dókítà Owódé.

"Ẹ má dá oògùn náà dúró o. Rárá, dókítà, èmi kọ́. Èmi ti fẹ́ buwọ́ lù ú. Tolúlàṣẹ wa ló rí i."

Orí Tolúlàṣẹ wú. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ yíjú padà.