Mọ́tò Akólẹ̀ Kì í Wá Lọ́jọ́rú

Tíṣà Lo Hsiu-chin ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ abúlé etíkun kan ní Táíwàn bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbà kí ọmọ kankan fọn ohun tí kò sí nínú ìwé. Ọmọ tó bá fi tirẹ̀ kún un, ìbáà dùn ju ti ìwé lọ, ìdí fèrèsé ni yóò dúró sí títí aago yóò fi lù. Ẹ má pe obìnrin náà ní òǹrorò o. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, ohun tí wọn ò sì fún èèyàn, níbo ló ti fẹ́ rí i fún ẹlòmíràn?

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tó ń jẹ́ Tu Pei-yun. Bí ọmọ yìí bá gbé fèrè sẹ́nu, ohùn eku tí pàkúté mú ló ń jáde. Tíṣà Lo wá dá ọgbọ́n kan sí i: nígbàkígbà tí àlejò bá wá, kí Pei-yun máa gbé ìka sókè sódò lórí fèrè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọdún méjì gbáko ni ọmọ náà fi fọn fèrè láìfọn ún, àwọn àlejò sì ń yìn ín pé ìka rẹ̀ já fáfá.

Ìgbà tó di ọjọ́ kan, Ọ̀gá Kang, ọ̀gá ilé-ìwé, pe Tíṣà Lo sí ọ́fíìsì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bu tíì fún un. Obìnrin náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Ọ̀gá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ mu tíì yín ná."

"N ò mu. Ẹ sọ ọ́."

Ọ̀gá Kang sọ ọ́. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ti ra tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà mẹ́fà. Láti oṣù kẹsàn-án, olùkọ́ kan ṣoṣo ní ìlú ńlá ni yóò máa kọ́ ilé-ìwé kéékèèké mẹ́fà ní orin lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú tẹlifíṣọ̀n.

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ ó máa mójú tó oúnjẹ ọ̀sán. Tí àwọn ọmọ bá jẹun tán, ẹ ó máa wò ó pé wọ́n fọ eyín wọn dáadáa."

"Eyín! Orin ni mo kọ́ níwèé, Ọ̀gá. N ò kọ́ eyín."

"Ẹ má pariwo mọ́ mi, Tíṣà Lo. Ọ̀nà kan ṣì wà."

Ọ̀nà náà rèé. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọdún ìrẹsì eléwé, ọdún tí gbogbo ilé máa ń fi ewé ọparun di ìrẹsì, àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ wá jókòó ti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé àwọn ọmọ fi tábúlẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ yẹn, ṣe orin tiwọn tí ẹnikẹ́ni ò kọ fún wọn, Tíṣà Lo yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá rí i, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ń dúró dè é. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà o. Ó ti pé ọdún méjì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀, nítorí Tíṣà Lo ti sọ pé nǹkan tí kò bá ní ihò kì í ṣe fèrè.

Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Tíṣà Lo já ọ̀rá, ó pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó wà ní kíláàsì karùn-ún, ó ní kí wọ́n lọ gba ohùn sílẹ̀ nílé wá kí wọ́n lè tò ó pọ̀ di orin. Ohùn ẹyẹ ló ń retí, àti òjò, àti agogo tẹ́ḿpìlì. Ohun tí wọ́n gbé dé yàtọ̀. Ẹnì kan gba ariwo ọ̀bẹ tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣí karawun òkun. Ẹnì kan gba ọmọ ayò tí wọ́n ń dà sórí tábìlì, pẹ̀lú èébú tó tẹ̀lé e. Ẹnì kan gba alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ̀ tí kò ṣíná. Pei-yun gba méjì: ìhanrun bàbá àgbà rẹ̀, àti orin mọ́tò akólẹ̀.

Àwa tá a ń gbé ní Táíwàn mọ ohun tí orin yẹn jẹ́. Mọ́tò akólẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń kọrin wọ àdúgbò ni, ẹni tó bá ní ìdọ̀tí yóò gbé e sáré pàdé rẹ̀. Ẹni tí kò bá bá a, òun àti ìdọ̀tí rẹ̀ ló jọ máa sùn.

"Kí nìyí?" Tíṣà Lo bi í.

"Mọ́tò akólẹ̀ ni, Tíṣà."

"Mo mọ̀ pé mọ́tò akólẹ̀ ni, etí mi ò di. Kí ló dé tó o fi gbé e wá?"

"Torí pé tó bá ti dún, gbogbo èèyàn ló ń sáré jáde. Orin wo lẹ tún mọ̀ tí èèyàn ń sáré jáde fún?"

Tíṣà Lo ronú títí, kò rí ọ̀kan. Inú bí i. "Ìdọ̀tí kì í ṣe orin. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Pei-yun yọ ọ́. Ó rọra yọ ọ́ bí ẹni ń gbé ẹja kúrò nínú ọbẹ̀. Ọmọ tí kò lè fọn fèrè yìí, ìka rẹ̀ ń sáré lórí tábúlẹ́ẹ̀tì débi pé àwọn tó kù ń pè é ní ọ̀gá. Tíṣà Lo lọ sọ fún Ọ̀gá Kang pé Pei-yun fẹ́ gbé mọ́tò akólẹ̀ wọ inú orin, pé òun ti ní kó yọ ọ́ kí ojú má baà tì wọ́n.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, Tíṣà Lo jókòó, ó gbọ́ orin náà láti òkè délẹ̀. Kò dára. Ọ̀bẹ ń lọ sọ́tùn-ún, alùpùpù ń lọ sósì, fèrè tí àwọn ọmọ fi kún un dá wà láàárín bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Ó wá ohùn agogo tẹ́ḿpìlì nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó fi kún un, rárá. Ó fi òjò kún un, ó tún burú sí i. Ó rí ara rẹ̀ níwájú ẹnu ọgọ́ta ọmọ, tó ń sọ pé kí wọ́n ya ẹnu dáadáa.

Ó wẹ̀yìn wò. Kò sẹ́nì kankan. Ó fa orin mọ́tò akólẹ̀ padà wọlé láti ibi tí Pei-yun tọ́jú rẹ̀ sí nínú tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ó kọ́kọ́ fà á gùn, ó jẹ́ kó máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìhanrun bàbá àgbà. Lójijì, ọ̀bẹ mọ ibi tó ń lọ, ọmọ ayò tẹ̀lé e, alùpùpù pàápàá ń ké síbi tó yẹ. Ó jẹ́ kí orin náà máa yára díẹ̀díẹ̀ títí tó fi padà sí ìrìn ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló mú fèrè tirẹ̀, ó sì fọn nǹkan kan lé e lórí tí kò sí nínú ìwé kankan láyé. Ẹ̀rù bà á, ó dùn mọ́ ọn, ojú sì ń tì í bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Ọ̀la, Ọjọ́rú ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Mọ́tò akólẹ̀ kì í wá lọ́jọ́rú, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni orin yìí fẹ́ tàn jẹ?

Ọgbọ́n dára. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ọdún ìrẹsì eléwé la wà o. Gbogbo ilé ló ń dìrẹsì, ewé ọparun tó ya kún gbogbo kọ̀rọ̀, ìdọ̀tí ti ń rùn lójú oòrùn, gbogbo abúlé sì ti ń gbàdúrà pé kí ìjọba fi mọ́tò kan kún un. Ọ̀gá Kang ní tirẹ̀ ti lọ yá sípíkà méjì ní tẹ́ḿpìlì, èyí tó ga ju èèyàn lọ. Ó gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú wọn sí abúlé, ó ní kí gbogbo ayé gbọ́.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn olùbẹ̀wò mẹ́ta jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ìyáàfin Fang ni olórí wọn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Pei-yun tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀, ayò dà, bàbá àgbà hanrun. Nígbà tí orin mọ́tò akólẹ̀ yọ́ jáde lábẹ́ wọn, ọmọ náà ya ẹnu, ó wo Tíṣà Lo. Tíṣà Lo ń wo òrùlé. Obìnrin náà gbé fèrè sẹ́nu, ó di ojú, ó ń fọn.

Bí a ti wulẹ̀ ṣe ebòlò tó, yóò rùn ìgbẹ́. Orin náà yára, ó dé ìrìn ara rẹ̀ gan-an, sípíkà tẹ́ḿpìlì sì gbé e dé etí òkun. Ìyáàfin Fang ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbá agbọ̀n ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mú, ó ti dé ìta kó tó rántí ibi tó wà. Ó dúró síbẹ̀, agbọ̀n wà láyà rẹ̀.

Ariwo sálúbàtà ni wọ́n gbọ́ tẹ̀ lé e. Ó lé ní àádọ́ta èèyàn tó ya wọ ọgbà ilé-ìwé, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rá ìdọ̀tí tirẹ̀. Ọkùnrin kan fá irùngbọ̀n dé ìdajì. Obìnrin kan ṣì ní aró dúdú tí wọ́n fi ń pa irun lórí, ó ń kán sí i léjìká.

"Mọ́tò dà?"

"Ó ti lọ ni?"

"Kò lè tíì lọ, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni?"

Bàbá àgbà Pei-yun nawọ́ ọ̀rá méjì gba ojú fèrèsé. Ó dúró, ó tẹ́tí. "Ta ló ń hanrun níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá àgbà!" Pei-yun ké.

"Irọ́ ni. Èmi kì í hanrun."

Ìyàwó rẹ̀ ju garawa àjẹkù sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, ará abúlé! Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń sọ ọ́! Ọmọ mi, tún un lù, kó gbọ́ ara rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú sọ́gbà. Ọ̀gá Kang nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbẹ́sẹ̀ wọ kíláàsì, òógùn ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Tu Pei-yun! Ṣebí wọ́n ní kó o yọ ọ́? O fẹ́ ba ilé-ìwé jẹ́ ni? Dìde dúró!"

Pei-yun dìde. Ó wo Tíṣà Lo, ó sì tẹ orí ba.

Tíṣà Lo mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Wọn á ní ọmọdé ló ṣe é, wọn á bá a wí, iṣẹ́ òun sì lè má bọ́. Ó wo orí ọmọ tó tẹ̀ ba yẹn, àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀.

"Kì í ṣe òun," ó ní. "Èmi ni mo fi síbẹ̀. Ọmọ yìí yọ ọ́ bí mo ṣe ní kó yọ ọ́. Èmi ni mo jókòó lánàá tí mo dá a padà."

Ìyáàfin Fang wọlé, ó gbé agbọ̀n ìdọ̀tí sílẹ̀. "Fèrè tí ẹ fọn lé e lórí ńkọ́? Inú ìwé wo ló wà?"

"Kò sí nínú ìwé kankan, Ìyáàfin."

"Ta ló wá kọ́ yín?"

Tíṣà Lo tọ́ka sí Pei-yun. "Òun ló ní kí n wá orin tí èèyàn ń sáré jáde fún."

Ìyáàfin Fang wo ojú fèrèsé, níbi tí àádọ́ta èèyàn ti di ìdọ̀tí mú tí wọ́n ń wo inú kíláàsì. "Ẹ̀kọ́ orin mẹ́tàdínlógún ni mo ti jókòó tì lọ́dún yìí," ó ní. "Mo sùn nínú mẹ́rin. Kò sí èyí tó tíì gbé mi dìde lórí àga rí. Ọ̀gá Kang, a ó gbé tẹlifíṣọ̀n yẹn lọ síbòmíràn."

"Ìdọ̀tí wa ńkọ́?" ẹnì kan bi wọ́n láti ìta.

"Ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé," ni Ìyáàfin Fang wí. Ó yọ fọ́ọ̀mù kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣe orin náà síbí."

Pei-yun gba bírò, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Ó wá na bírò sí Tíṣà Lo.

"Ó ku tiyín."

"Tèmi kẹ̀? Olùkọ́ ni mí."

"Ẹ̀yin lẹ fọn fèrè, Tíṣà. Ẹ má purọ́ níwájú àlejò."

Tíṣà Lo gba bírò. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orúkọ àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ sójú pátákó pé àwọn ló ṣe orin, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti kú. Inú rẹ̀ ń dùn, omi sì dà lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Pei-yun tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Ẹ tún un kọ, Tíṣà. Kó hàn."